Fíríìjì Ìlà Kẹta àti Imú Rèbékà Olówòkéré

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìgò mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n ti ṣí ló wà nínú fíríìjì Ìlà Kẹta. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ẹnikẹ́ni lè sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí wọn.

Èmi ni mo kà wọ́n. Olùtọ́jú fíríìjì náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bí ẹni ń wo òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbé okùn wá láti wọn ilẹ̀ lójú omi. Rèbékà Olówòkéré ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Iye ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ni wọ́n dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀bi tí wọ́n sì dá a kọ́ ni ẹ̀bi tó jẹ.

Ayétòrò, ìlú etí òkun, ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ẹja yíyan. Ó fẹ́ Pọ́ọ̀lù Olówòkéré tó ń kan ọkọ̀, ó bí ọmọ méjì, àwọn méjèèjì sì ti lọ sí ìlú ńlá. Òkun gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àkọ́kọ́, òun àti ọkọ rẹ̀ tú pákó ilé náà kí omi tó dé, wọ́n fi kọ́ òmíràn lẹ́yìn. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, Pọ́ọ̀lù ti kú, kò sì sí ẹni tó máa bá a tú pákó. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò rí ilé ìdáná mọ́. Ó kó aṣọ rẹ̀, Bíbélì rẹ̀, àti àwọ̀n onírin tó fi ń yan ẹja, ó bá àwọn tó ń lọ sí Ìdáǹdè wọ ọkọ̀.

Ìdáǹdè kì í ṣe ìlú tí ẹ máa rí lórí máàpù. Orí òpó ni gbogbo ilé ibẹ̀ wà, lórí omi tó parọ́rọ́ lẹ́yìn etíkun, afárá pákó ló sì so wọ́n pọ̀ ní ìlà ìlà. Ilé mọ́kànlá ló wà ní Ìlà Kẹta. Àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó kò gbàgbé àjọgbé tí wọ́n ti ń gbé látilẹ̀: ohun tí ìlà kan bá ní, gbogbo ìlà ló ni ín. Nígbà tí ọmọ wọn kan tó wà lókè òkun fi fíríìjì ńlá kan ránṣẹ́ ní ọdún 2018, wọn kò gbé e sí ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n kan yàrá kan fún un ní ìdí afárá. Nígbà tí Rèbékà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí kò ní ilé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó ń tọ́jú fíríìjì, ó sì ń sùn nínú yàrá fíríìjì.

Kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, kì í ṣe méjì. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ibùsùn rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí ẹnìkan bá ṣí ìgò kan nílé, mayonéèsì ni o, jáàmù ni o, tòmátò ni o, tí kò bá jẹ ẹ́ tán, á gbé e wá. Rèbékà á gbà á, á fi sí àyè ilé náà. Bí onítọ̀hún bá padà wá gbà á, Rèbékà á kọ́kọ́ ṣí ìdérí rẹ̀, á gbé e sí imú, á fi ìka kékeré tọ́ ọ wò, á ní, "Ó dá." Ìgbà náà ni ìgò tó lè jáde. Àwọn àgbà ló fi òfin yìí lélẹ̀: oúnjẹ tó bá ti ibi àjọní jáde, ẹnu ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ kàn án kó tó kan ẹnu ọmọdé. Wọ́n ní Rèbékà ní imú. Ẹni tó ti yan ẹja fún ogójì ọdún, òórùn wo ló máa ṣì í?

Òfin kejì ló burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ju ìgò kan lọ fún oúnjẹ kan, torí àyè kò tó. Bí o bá ní ìgò mayonéèsì tó ku díẹ̀, tí o sì ra tuntun bọ̀ láti ọjà Ìgbókòdá, ohun tí o máa ṣe ni kí o da tuntun lé ti àtijọ́. Ìgò àtijọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìyá ìgò. Ìyá ìgò kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fọ̀ ọ́, torí pé kí o tó fọ ìgò, o ní láti da ohun tó kù nínú rẹ̀ nù, ẹnikẹ́ni kì í sì í da oúnjẹ nù ní Ìlà Kẹta. Ìgò tuntun tó ti ṣófo, wọn á fi rọ edé lílọ̀.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa ìmọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí mo ń ka ìgò wọ̀nyẹn, mo gbé ọ̀kan sókè. Àwọ̀ rẹ̀ pín sí mẹ́ta, bí ẹrẹ̀ etí odò tí omi ti wá tí ó ti padà.

"Iye, ti ta nìyí?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n Mósè."

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣí i?"

Rèbékà wo ìgò náà dáadáa. "Èwo nínú rẹ̀?"

"Báwo ni èwo nínú rẹ̀?"

"Ti ìsàlẹ̀ yẹn ti pẹ́. Mo bá a níbẹ̀ ni. Ti àárín, Àjíǹde ọdún tó kọjá. Ti òkè ló gbé wá ní ọjọ́ Ẹtì."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe máa mọ̀ bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá bàjẹ́. Ó ní fíríìjì kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní fíríìjì.

Mo ní tẹmómítà kan. Mo fi sínú fíríìjì náà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Dígírì mẹ́tàlélógún. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ni mẹ́rin, kí ó má sì kọjá bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ ní Ìlà Kẹta, aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń pa á. Wákàtí mẹ́rin. Fíríìjì tó ń sinmi fún ogún wákàtí lójúmọ́ kì í ṣe fíríìjì. Àpótí ni. Àpótí tó funfun.

Mósè Ògúnlànà kọjá lórí afárá bí mo ti ń kọ nọ́mbà náà sílẹ̀. Òun ni àgbà Ìlà Kẹta, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì àti ohùn tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní abúlé Molutehin lè gbọ́.

"Ọ̀mọ̀wé Ìgò!" ó ní. "O kú iṣẹ́ o. Ṣé o ti wọn ibà fún un? Ara rẹ̀ ń gbóná?"

"Ara rẹ̀ ń gbóná, Bàbá. Dígírì mẹ́tàlélógún."

"Fún un ní àgbo."

Àwọn obìnrin tó ń tú àwọ̀n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìgò rẹ̀ sókè kó rí i. "Ẹ má jẹ eléyìí mọ́, Bàbá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́rin."

"Kí ni mo wá ń jẹ láti ọdún mẹ́rin? Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ̀ tó ń jò lẹ ń wà, Bàbá. Kò tíì rì ni."

"Hẹn-ẹn! Ẹ gbọ́ o!" Ó yí sí àwọn obìnrin náà. "Wọ́n rán ọmọ lọ sílé ìwé gíga kó lọ kọ́ ìmọ̀, ó kọ́ ẹnu bọ̀." Ó gba ìgò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi lé Rèbékà lọ́wọ́. "Arábìnrin, bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀."

Rèbékà ṣí i, ó gbé e sí imú, ó fi ìka kékeré tọ́ ọ wò. "Ó dá, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó tán," ni Mósè wí, ó sì gbé ìgò rẹ̀ lọ fi jẹ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ sórí páálí. Mayonéèsì, oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí o ṣí i. Jáàmù, oṣù mẹ́fà. Tòmátò inú ìgò, ọjọ́ márùn-ún, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Oúnjẹ ọmọdé inú ìgò, ọjọ́ méjì. Mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé fíríìjì tó tutù tọ̀sán-tòru ni gbogbo iye ọjọ́ wọ̀nyí wà fún. Nínú èyí tí ìtutù rẹ̀ ń wá tó ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má ka ọjọ́ rárá. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ sára ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Mo ní kí wọ́n má da tuntun lé àtijọ́. Mo lẹ páálí náà mọ́ ara fíríìjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tí mo máa fi padà débẹ̀, Rèbékà ti já a. Ó fi bo agbọ̀n edé.

"Ó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn," ó ní.

"Ohun tí mo kọ ọ́ fún nìyẹn, Iye."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa gbé ìgò wọn sílé ni? Bí ìgò kò bá sí nínú fíríìjì, kí ni mo ń ṣọ́?" Ó dojú páálí náà dé kí ojú rẹ̀ má bàa kan tèmi. "O ní ilé bàbá rẹ tí o ń sùn sí. Jẹ́ n rí tèmi gbé."

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹja ń jóná lẹ́yìn rẹ̀. Orí iná ló wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo afárá, ẹnìkan ti pariwo láti ilé kẹrin pé ta ló ń sun ẹja di èédú. Rèbékà jókòó. Ìgbà tí èéfín dúdú yí wá síwájú rẹ̀ ló tó fò dìde. Ẹni tó ti yan ẹja fún ogójì ọdún. Mo rí i. Ó yẹ kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, mi ò bi í. Ìbínú páálí mi ni mò ń bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹwàá ṣe kọjá.

Rejoice ni ìyàwó tó kéré jù ní Ìlà Kẹta, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kiri bisikíìtì àti ọṣẹ láàárín àwọn abúlé. Wọlé, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá lójú òkun, ó sì fi páálí oúnjẹ ọmọdé kan ránṣẹ́ sí Ọpẹ́fólúwa, ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Elégédé lílọ̀ nínú ìgò kéékèèké ni. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kì í jẹ ìgò kan tán lẹ́ẹ̀kan. Rejoice ṣí àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, ó fún ọmọ ní ìlàjì, ó gbé ìlàjì lọ sí fíríìjì. Ní Ọjọ́rú ó ṣí èkejì. Ó da ìyókù rẹ̀ lé ti ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ẹtì ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ gba ìgò náà.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bi í léèrè dáadáa. Ó ní, "Iye, ṣé ó ṣì dára fún ọmọ?" Rèbékà ṣí i. Ó gbé e sí imú, ó pẹ́ díẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó dá."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́ tán, ọmọ náà ti ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ omi. Ní aago mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọkọ̀ Mósè ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wákàtí méjì àti díẹ̀ lórí omi, Rejoice ń fi ṣíbí kán omi oníyọ̀ sí i lẹ́nu bí mo ti ní kó ṣe. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò kú. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ má bàa fi ìyẹn dí mi lọ́wọ́: kò kú.

Kí Rejoice tó padà, Ìlà Kẹta ti dájọ́. Wọ́n ní ó ń fi ọwọ́ tó fi ta ọṣẹ bọ́ ọmọ. Ẹ gbọ́ mi, ọṣẹ. Wọ́n ní ó yára já ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí ọjà. Wọ́n ní omi abúlé ibòmíràn ló ń bù mu. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgò. Rèbékà tọ́ ọ wò, ó ní ó dá. Ọ̀rọ̀ ìgò ti parí nìyẹn.

Ìpàdé wáyé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ní iwájú yàrá fíríìjì. Rejoice dúró, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn ọmọ náà ti tín-ín-rín. Mósè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

"Ìyàwó wa, a kò ní ká lù ọ́. A kò ní ká lé ọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń wá ọjà ju bó ṣe ń wá ọmọ lọ, ìlà ní láti sọ̀rọ̀. A máa gba ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn pamọ́ títí ọmọ yóò fi rìn."

"Bàbá, mo fọ ọwọ́ mi," ni Rejoice wí. "Mo máa ń fọ ọwọ́ mi."

"Gbogbo ẹni tó bá ti..." ni Mósè tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Rèbékà ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde kúrò lórí àpótí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ fíríìjì so kọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn àwọ̀n, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi kì í gbọ́ òórùn."

"Òórùn kí ni?"

"Òórùn kankan. Láti ọdún 2021, nígbà tí ibà kan mú gbogbo wa. Ibà náà lọ, imú mi kò padà. Ahọ́n mi náà, iyọ̀ àti ata nìkan ló kù tí mo mọ̀."

Mósè Ògúnlànà fi ìka ọwọ́ ka àwọn ọdún náà. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta, Arábìnrin?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Kí lo wá ń ṣe, tí o ń gbé ìgò sí imú?"

"Mò ń ṣe bí ẹni ń gbọ́."

"Nítorí kí ni?"

Rèbékà fi orí tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹní ni wọ́n rí níbẹ̀, tí ó ká mọ́ ara ògiri, àti àwọ̀n onírin ẹja, àti Bíbélì lórí fíríìjì. "Nítorí ibi tí mò ń sùn sí," ó ní.

Mo dìde. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, imú rẹ̀ ni wọ́n máa mú, wọ́n á sì fi ìgò sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbọ́ mi. Mo ní imú kò ní nǹkan kan ṣe níbí. Kòkòrò tó ń da inú ọmọ rú kì í ní òórùn, kì í ní àwọ̀, kì í yí adùn oúnjẹ padà, bí Rèbékà bá ní imú ajá, ohun tó máa sọ lọ́jọ́ náà ni "Ó dá." Mo ní elégédé ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà jẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú àpótí tí kò tutù, tí wọ́n sì tún ń da tuntun lé e kí kòkòrò má bàa wá oúnjẹ tì. Mo ní ohun tí ìlà yìí nílò ni bírò kan.

Wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, obìnrin kan tilẹ̀ ní, "Òótọ́ ni ọmọ náà sọ." Mósè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ìmọ̀ dára. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti hàn gbangba báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé ẹni tí kò ní imú là ń fi imú rẹ̀ jẹun. A ní láti wá ẹni tí imú rẹ̀ pé."

Wọ́n ṣe ìdánwò fún imú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ mẹ́rin kalẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n: edé gbígbẹ, ọbẹ̀ màrúgbó àná, epo pupa àti kerosín. Wọ́n ń fi gèlè dí ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà mẹ́fà ló dán ara wọn wò. Ẹnìkan pe màrúgbó ní ewúro, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó kan Mósè, ó dárúkọ gbogbo rẹ̀ láìkùnà, ó sì fi kún un pé, "Wọ́n ti fi omi la kerosín yìí. Ta ló rà á?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Rèbékà, ó fi sí tirẹ̀. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù tó parí, torí pé òun fẹ́ máa kó àwọ̀n òun síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tó máa lọ. Ìlà àjọní ni.

Rejoice ló wá kó ẹrù náà. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ó so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó gbé ẹní àti àwọ̀n onírin, ó ní, "Iye, ẹ gbé Bíbélì yín, ká máa lọ." Ilé kẹjọ ni tirẹ̀. Yàrá kan àti gbàgede ló ní. Gbàgede ni Rèbékà ń sùn sí di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé ibẹ̀, Rèbékà ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó ti páálí oúnjẹ ọmọdé náà. Ìgò mẹ́jọ ló ṣẹ́ kù tí wọn kò tíì ṣí.

"Tún un sọ," ó ní. "Èyí tí o kọ sórí páálí yẹn. Má bínú sọ ọ́. Sọ ọ́ lásán."

Mo tún un sọ. Ó bi mí pé bí kò bá sí fíríìjì rárá ńkọ́. Mo ní bí wọ́n bá ṣí i, kí wọ́n bu èyí tí ọmọ máa jẹ sínú abọ́, kí ṣíbí ọmọ má kan inú ìgò. Ìyókù, wákàtí méjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n dà á nù.

"Kí a dà á nù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Iye."

Obìnrin yìí kò da oúnjẹ nù rí láyé rẹ̀. Egungun ẹja tí ó bá jẹ kù, ó máa ń gún un. Ó ní, "Bírò dà?"

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, Rèbékà Olówòkéré lẹ pílásítà mọ́ ara ìgò elégédé kan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *Ṣí, aago méje. Dà nù, aago mẹ́sàn-án.* Ọmọ jẹ ìlàjì. Rèbékà gbé ìlàjì tó kù sórí pákó níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wo aago ọwọ́ Rejoice. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú márùn-ún, Mósè ń bọ̀ lórí afárá.

"Kí lò ń ṣọ́, Arábìnrin? Ṣé ó fẹ́ fò ni?"

"Mò ń dúró de aago mẹ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án?"

Nígbà tó tó àkókò, Rèbékà dìde, ó na ìgò náà sí ìta, ó dojú rẹ̀ kọ omi. Elégédé náà jáde ní ìṣù kan ṣoṣo, ó pupa bí iná lójú omi dúdú, ẹja kéékèèké sì bò ó. Obìnrin kan ní ilé keje ké "Yéè!" bí ẹni tó rí ọmọ tó jábọ́. Ó dun Rèbékà. Mo rí ojú rẹ̀, ó dùn ún dé egungun. Ó fọ ìgò náà, ó fi dojú kọlẹ̀ sórí pákó kó gbẹ.

Láti ọjọ́ náà, Ọpẹ́fólúwa kò yàgbẹ́ omi mọ́. Ìlà Kẹta ti rí i. Ohun tí wọ́n sọ ni pé imú Mósè ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, mo tún lọ ka ìgò inú fíríìjì náà. Mósè ṣí i fún mi tayọ̀tayọ̀. Mọ́kànlélógójì. Kò sí ọ̀kankan tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára.

Ìwọ tí o ń ka èyí, o ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti gbé abọ́ mẹ́rin kalẹ̀. Ó tó. Dìde níbi tí o jókòó sí. Ṣí fíríìjì rẹ, na ọwọ́ sẹ́yìn pátápátá, mú ìgò tó wà níbẹ̀ jáde. Má gbé e sí imú. Sọ ọjọ́ tí o ṣí i, kí o sọ iye wákàtí tí iná kò fi sí láti ọjọ́ náà. Bí o kò bá lè sọ méjèèjì, dà á nù nísinsìnyí, fọ ìgò náà, kí o sì wá bírò.